Àárẹ̀ Kì í Ṣe Ìmẹ́lẹ́: Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé Lórí Ìrìn Ẹni tí A Gé Lẹ́sẹ̀ Lókè Orúnkún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ wa ti òní mu rẹ́gí.

Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀, egbò àtọ̀gbẹ tàbí àrùn mìíràn bá mú kí àwọn oníṣègùn gé ẹsẹ̀ ẹnìkan kí wọ́n lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ìdílé a máa dúpẹ́ pé ó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà sílé, tí a sì ti ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un, ìṣòro mìíràn a tún yọjú, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé kì í retí. Ìṣòro náà ni àárẹ̀. Ilé tí kò bá mọ ibi tí àárẹ̀ yìí ti ń wá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìrìn ẹni rẹ̀ jẹ́.

ÀPÈJÚWE ÌDÍLÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpèjúwe. Awakọ̀ ni Bàbá Ìbejì kí ìjàǹbá tó mú kí a gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Nígbà tí ojú egbò náà jiná dáadáa, a ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un. Ìyá Ìbejì, ẹni tí gbogbo ẹrù ilé ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, rò pé ìyà ti dópin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, Bàbá Ìbejì ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì, òógùn sì bò ó.

“Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni láti ilé dé ìsọ̀. Owó tí a ná sórí ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àbí ẹ ò fẹ́ rìn mọ́ ni?”

Ọkọ rẹ̀ kò fèsì. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, ìyá rẹ̀ rí i bí ó ti ń mí gúlegúle. “Ọmọ mi, bọ́ ọ sílẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Jókòó sí ibi tí o wà, a ó máa gbé gbogbo nǹkan wá bá ọ.”

Kí oṣù náà tó parí, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú wọn? Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún un. Ìyàwó rò pé ìmẹ́lẹ́ ni. Ìyá rò pé àìsàn ni. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìrìn kan náà tí ó jẹ́ eré lójú tiwa, iṣẹ́ ńlá ni lára tirẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń TÈTÈ RẸ̀ Ẹ́?

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé kì í ronú nípa ìrìn. Bẹ́ẹ̀ ni ara wa mọ bí a ti í ṣọ́ agbára ná. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, orúnkún a tẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè kọjá láìfi ara kan ilẹ̀. Ara wa kò ní láti fò sókè. Iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun a ti gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, a sì ti ara síwájú. Bí ẹsẹ̀ bá tún kan ilẹ̀, iṣan iwájú itan a di orúnkún mú kí ó má yẹ̀.

Nígbà tí a bá gé ẹsẹ̀ lókè orúnkún, orúnkún lọ, ọrùn ẹsẹ̀ lọ, iṣan tí ń ti ara síwájú náà lọ. Iṣan itan tó ṣẹ́kù pàápàá kò ní ibi tí ó ń so mọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò sì ní iṣan kankan. Ìgbáròkó ni yóò máa fì í síwájú. Bí ó bá sì kan ilẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ fi itan tó ṣẹ́kù tì í sẹ́yìn kí orúnkún rẹ̀ má baà ká lójijì.

Kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá má baà gbá ilẹ̀, ẹlòmíràn a máa dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rere. Ẹlòmíràn a máa gbé ìbàdí sókè. Ẹlòmíràn a máa fì í gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń fi dòjé gé koríko. Gbogbo èyí ń gbé ara sókè sódò. Ó dà bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn kékeré kan ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò mọ òkúta yàtọ̀ sí iyanrìn. Ojú àti ọkàn ni ẹni náà fi ń ṣọ́ ilẹ̀, ìyẹn náà sì ń mú àárẹ̀ wá.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ara ń jó oúnjẹ bí iná ṣe ń jó igi, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí sínú ni ó sì ń mú kí iná náà jó. Nítorí náà, bí a bá wọn ọ́síjìn tí ènìyàn lò nígbà tí ó ń rìn, a ó mọ iye agbára tí ìrìn náà ná an. Ní ọdún 1976, oníṣègùn Robert Waters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Rancho Los Amigos, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tí a gé lẹ́sẹ̀ fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní ìyára tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì ń gba èémí wọn jọ láti wọ̀n ọ́n.

Kí ó lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a fi igi ìdáná ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá ní igi 15 ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ń dá láti rin ìwọ̀n ọ̀nà kan, báyìí ni ti àwọn yòókù yóò rí lórí ọ̀nà kan náà:

• Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé: igi 15, ó ń rin bí mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan.
• Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún nítorí ìjàǹbá: igi 20, mítà 71 ní ìṣẹ́jú kan.
• Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún nítorí ìjàǹbá: igi 25, mítà 52 ní ìṣẹ́jú kan.
• Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún nítorí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí àtọ̀gbẹ máa ń fà: igi 35, mítà 36 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí wá sí ọ̀nà ọjà. Bí ọjà bá jìnnà sí ilé ní mítà 400, Ìyá Ìbejì yóò dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5. Irú ẹni bíi Bàbá Ìbejì yóò lò tó ìṣẹ́jú 8. Ẹni tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ mú kí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lo ìṣẹ́jú 11, igi tí yóò sì dá yóò ju ìlọ́po méjì ti Ìyá Ìbejì lọ. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti wọn gbogbo èyí. Lórí iyanrìn, ẹrẹ̀ tàbí òkè, ìnáwó agbára yóò tún ga sí i. Lóòótọ́, a ti ṣe orúnkún àtọwọ́dá tó dára ju ti ìgbà náà lọ, síbẹ̀ ìrìn ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún ṣì ń ná ara ju ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìwádìí yìí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún ìdílé. Bí a bá ka iye igi tí a dá ní ìṣẹ́jú kan, dípò iye tí a dá lórí ọ̀nà kan, ẹni tí ìjàǹbá mú kí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ti fúnra rẹ̀ dín ìyára kù kí iná má baà ju ìkòkò lọ. Ìrìn pẹ̀lẹ́ tí à ń pè ní ìmẹ́lẹ́, ọgbọ́n ara ni. Ẹni tó bá ń wí pé “Yára, yára!” ń gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí náà fi hàn pé bí ó tilẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́, ó ti ń lo bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè mú wá. Ohun tó ṣẹ́kù fún un kò pọ̀. Kíkán an lójú lè ṣe é ní jàǹbá.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Iṣẹ́ ìdílé ni láti dín igi tí ìrìn ń jẹ kù. Kì í ṣe láti pa iná ìrìn náà.

1. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ìyára. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn. Bí ó bá lè dáhùn láìsí ìdíwọ́, ìyára náà dára. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí, ẹ jẹ́ kí ó jókòó.

2. Ẹ fi ìsinmi sínú ìrìn. Ẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà kúkúrú, láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, nígbà mélòó kan lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wá ibi ìjókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà: àga kan lábẹ́ igi, pẹpẹ ìsọ̀ aládùúgbò kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

3. Ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí sí abẹ́ itan tó ṣẹ́kù. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n ó léwu. Bí itan bá pẹ́ ní títẹ̀ síwájú, oríkèé ìgbáròkó yóò gan, kò sì ní lè nà tán mọ́. Ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ gan yóò máa rìn pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, igi púpọ̀ ni yóò sì máa dá. Kí ó má ṣe jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Bí oníṣègùn bá ti gbà á láyè, kí ó máa da ojú bolẹ̀ sùn fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí itan náà nà tààrà.

4. Kí ó máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Iṣan ìdí, ti ikùn, ti apá àti ti ẹsẹ̀ rere ni yóò ṣe iṣẹ́ èyí tó ti lọ. Ọmọ ilé kan lè máa bá a ka iye ìgbà tí ó ṣe é.

5. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá bá a mu. Bí ó bá gùn jù, yóò máa fò lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rere. Bí àkọ̀ rẹ̀, ibi tí a ń ki itan bọ̀, bá tú, ẹsẹ̀ náà yóò máa yọ́, yóò sì dá egbò síni lára. Kí ara má sanra jù, kí ó má sì rù jù, nítorí ìyípadà nínú ìwọ̀n ara a máa ba ìbámu àkọ̀ náà jẹ́. Kí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ má ga ju èyí tí a fi wọn ẹsẹ̀ náà lọ. Ẹ má ṣe fún káfíńtà tàbí aṣebàtà ní ẹsẹ̀ náà láti gé tàbí láti fi nǹkan kún un. Ẹ gbé e padà sí ibi tí a ti ṣe é, tàbí sí ilé ìwòsàn egungun tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ yìí, irú èyí tó wà ní Ìgbòbí ní Èkó.

6. Ẹ ṣe ìtọ́jú itan tó ṣẹ́kù. Kí ó máa fi omi àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́ ní alaalẹ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì fi dígí wo abẹ́ rẹ̀. Kí a máa fọ ìbọ̀sẹ̀ tí ó ń wọ̀ sí i lójoojúmọ́. Bí ara ibẹ̀ bá bó, kí ó má wọ ẹsẹ̀ náà títí yóò fi jiná.

7. Ẹ tún ilé tò. Ẹ kó ohun tó nílò sí ibi kan, kí ó má baà rin ìrìn mẹ́ta fún iṣẹ́ kan. Ẹ ká ẹní tí ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ wá àga aláfojúihò sí orí ṣáláńgá àti àpótí sí balùwẹ̀, nítorí lílóṣòó yóò ṣòro fún un. Bí àgbà bá dé, ẹ má retí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtẹríba wà nínú ọkàn àti nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

8. Ẹ gba ẹrù lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá ilé ni a gé lẹ́sẹ̀, kí ó má ṣe ru omi tàbí pọn ọmọ nígbà tí ó ṣì ń kọ́ ìrìn. Ìwúwo yẹn yóò fi igi kún igi, ìṣubú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìṣubú ènìyàn méjì. Ẹ gbé ọmọ fún un lórí ìjókòó.

Àwọn kan a máa béèrè pé: “Ṣé kò ní sàn kí ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá nìkan rìn, kí ó pa ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tì?” Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, fífi ọ̀pá méjèèjì fò láìwọ ẹsẹ̀ ń jẹ agbára ju fífi ẹsẹ̀ tó bá ni mu rìn lọ, ó sì ń mú kí ọkàn lù kíkankíkan. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, àga oníkẹ̀kẹ́ lè dára fún ọ̀nà jíjìn, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn nínú ilé. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ bi oníṣègùn léèrè.

ÀWỌN ÀMÌ EWU

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

• àyà dídùn, òòyì, tàbí èémí tí kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi;
• egbò, wíwú, ooru tàbí òórùn lára itan tó ṣẹ́kù;
• egbò kankan, bó ti wù kí ó kéré tó, lára ẹsẹ̀ kejì ẹni tó ní àtọ̀gbẹ;
• ìṣubú tó mú ìrora wá.

ORÚNKÚN JẸ́ ÌṢÚRA

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n igi wa. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kù ń dá igi 20; ẹni tí tirẹ̀ ti lọ ń dá 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúnkún kan ni ìyàtọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń sa gbogbo ipá wọn láti dá orúnkún sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ ìdílé ni ìpinnu náà wà, nítorí egbò tí a fi pamọ́ sílé a máa gòkè lọ lójoojúmọ́.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí egungun bá dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi àti aṣọ dì í pinpin. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó kú tipiri tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí a di ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ti pàdánù ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ nípa irú ìdì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

ÌPARÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé Bàbá Ìbejì. Bí nọ́ọ̀sì bá bẹ̀ wọ́n wò, tí ó sì ṣàlàyé òṣùwọ̀n igi yìí fún wọn, kí ni yóò yí padà? Ìyá Àgbà yóò gba ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ itan ọmọ rẹ̀. Wọn yóò gbé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà lọ sí ibi tí a ti ṣe é, kí a yẹ gígùn àti àkọ̀ rẹ̀ wò. Ìyá Ìbejì yóò gbé àpótí kan sí ìdajì ọ̀nà ọjà, yóò sì tètè jáde nílé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá jókòó, òun náà yóò jókòó.

“Bàbá Ìbejì, ẹ sinmi dáadáa,” ni yóò wí. “Ọjà kò ní sá lọ.”

Ọ̀nà náà kò kúrú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé wọ́n mọ ìnira òun yóò tún dìde rìn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ ÀTI NÍNÚ ẸGBẸ́ ÀWỌN ÌYÁ

1. Kí ló dé tí ìrìn pẹ̀lẹ́ ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ fi jẹ́ ọgbọ́n ara, tí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́?
2. Ewu wo ni ó wà nínú fífi ìrọ̀rí sí abẹ́ itan tó ṣẹ́kù?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ìyára ìrìn náà ti pọ̀ jù?
4. Nínú ilé tiyín, kí ni ẹ lè gbé kúrò tàbí kí ẹ gbé súnmọ́ tòsí kí ìrìn lè rọrùn?
5. Ìgbésẹ̀ wo ni ẹ lè gbé lónìí láti dá orúnkún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sí?